Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí irú ìbéèrè kan tí kì í wọ́n nínú ìdánwò ìṣirò, láti ilé ẹ̀kọ́ girama títí dé ìdánwò àṣewọlé yunifásítì: omi ń wọ inú táńkì lójú kan, ó ń jáde lójú mìíràn, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìgbà tí táńkì náà yóò kún. Ohun tí ó ń dùn mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò ni pé fọ́múlà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó sí àwọn ọmọ lórí, pé kí wọ́n fi àkókò kan sọ èkejì di púpọ̀, kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì pín in, láìṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Bí olùdánwò bá wá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú táńkì kan tí ó ń gba 1,200 lítà. Bí táàpù ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wà ní títì, pọ́ǹpù tó ń fa omi láti inú kànga yóò fa omi kún un ní wákàtí 4. Bí a bá pa pọ́ǹpù tí a sì ṣí táàpù, táńkì tó kún yóò gbẹ ní wákàtí 6. Ká ní táńkì ṣófo, tí a tan pọ́ǹpù, tí táàpù sì wà ní ṣíṣí, wákàtí mélòó ni yóò fi kún? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò yọ 4 kúrò nínú 6, tí wọn yóò kọ wákàtí 2 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tí ó ń lo wákàtí 4 nígbà tí ẹ̀kán omi kan kò jáde, báwo ni yóò ṣe wá lo wákàtí 2 nígbà tí omi ń ṣàn lọ? Àkókò kọ́ ni à ń yọ kúrò lára àkókò. Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe láàárín wákàtí kan ni. Pọ́ǹpù ń kó 300 lítà wọlé, táàpù ń kó 200 jáde, 100 lítà péré ló sì ń dúró sínú táńkì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wákàtí 12 ni yóò fi kún. Bí ìbéèrè kò bá sọ iye lítà, 1/4 − 1/6 = 1/12 ni, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni. Mo tilẹ̀ fara mọ́ ọn pé kí ọmọ tí ẹ̀rù ìdá ń bà yan iye lítà tí 4 àti 6 lè pín láìṣẹ́kù fúnra rẹ̀, nítorí ìdáhùn kò ní yí padà.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní a tan pọ́ǹpù ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ẹnì kan sì rántí ti táàpù ní aago mẹ́sàn-án, fọ́múlà àkọ́sórí kò ní ohun tí yóò sọ. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan yóò rí i pé 300 lítà ti wọlé kí wọ́n tó ti táàpù, pé 900 ló kù, àti pé táńkì yóò kún ní aago méjìlá ọ̀sán. Bí táàpù bá sì lágbára ju pọ́ǹpù lọ, yóò mọ̀ pé táńkì tó ṣófo kò ní kún láéláé.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Nínú Jiuzhang Suanshu, ìwé ìṣirò àwọn ará Ṣáínà tí ọjọ́ rẹ̀ ti lé ní 1,800 ọdún, ojú omi márùn-ún ni ó ń ṣàn sínú adágún kan: ọ̀kan lè kún un ní ìdá mẹ́ta ọjọ́, ìkejì ní ọjọ́ 1, ìkẹta ní ọjọ́ 2½, ìkẹrin ní ọjọ́ 3, ìkarùn-ún ní ọjọ́ 5. Iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè kún adágún náà lóòjọ́ ni wọ́n rò pọ̀, ìyẹn 3 + 1 + 2/5 + 1/3 + 1/5, tí ó jẹ́ 74/15, tí ìdáhùn fi jẹ́ 15/74 ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò pẹ̀lú. Evangelista Torricelli, ará Ítálì, ti fi hàn ní ọdún 1644 pé bí omi bá ṣe ga tó lókè ihò ni ó ṣe ń yára jáde tó. Bí táńkì tí mo mẹ́nu bà lókè yìí bá dúró gbọọrọ, tí ó sì gbẹ ní wákàtí 6 lọ́nà tí Torricelli sọ, 400 lítà ní wákàtí kan ni omi yóò máa fi jáde nígbà tó bá kún dẹ́nu, èyí sì ju agbára pọ́ǹpù lọ. Omi yóò gòkè títí dé nǹkan bíi 675 lítà, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. Kò ní kún ní wákàtí 12, kò sì ní kún lọ́la. Ọmọ tó bá ronú jinlẹ̀ lè rí èyí, kò sì yẹ kí a fìyà máàkì jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi gbólóhùn kan kún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pé omi ń jáde ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan,
Abẹ́òkúta.