Àkànní, dá mi lóhùn

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọmọ Ìyá Ṣọlá tí ẹ jọ wà ní Worcester, ní Ìlú Ọba, ni wọ́n ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé o kò lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó yẹn mọ́. Mo ní irọ́ ni. Àmọ́ mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, àmì rẹ̀ ti di búlúù, o gbọ́ ọ, o kò fèsì. Àbí ara rẹ ò yá ni?

Ilé wà dáadáa. Àbúrò rẹ ti ṣe JAMB, ewúrẹ́ bàbá àgbà bí ìbejì, wọ́n sì ti gbé tiransifọ́mà àdúgbò lọ tún ṣe, a ò tíì rí i padà.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà ò kúrò lára mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́nu àwọn Òyìnbó: mum. Ìyá ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n sí, òun náà lo fi ń pè mí tí o bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Mum mìíràn wà tó dàgbà jù ú lọ fíìfíì, tí kò sì bá a tan. Ìdákẹ́ ni ìyẹn. Pa ètè rẹ méjèèjì dé, kí o wá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìró tó bá jáde ni wọ́n kọ sílẹ̀. Inú rẹ̀ náà ni mumble ti wá, kéèyàn máa kùn sínú. William Langland lò ó nínú Piers Plowman, ewì tó kọ ní nǹkan bí ọdún 1370 sí 1390. Ó ń bú àwọn lọ́yà ayé ìgbà náà, ó ní ó rọrùn kéèyàn wọn kùrukùru orí òkè Malvern, tó wà nítòsí yín níbẹ̀, ju kó gbọ́ mum kan lẹ́nu wọn lọ, àfi tí wọ́n bá ti rí owó. Mum ti Langland yìí kì í tiẹ̀ ṣe ìdákẹ́, ìró tó kéré jù tẹ́nu lè mú jáde ni. Ìyẹn náà ni mo ń wá lẹ́nu rẹ.

Òkè Malvern yẹn kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́? O wọ kóòtù dúdú tó tóbi jù ọ́ lọ. Ojú rẹ rù. Ṣé o ń jẹun?

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ò wá láti Ọdún Àjíǹde, mi ò sì béèrè. Ta ló ní bí kò bá sí owó, ẹnu ò gbọdọ̀ là? Ọ̀dájú ọmọ! Lẹ́nu aládùúgbò ni kí n ti máa gbọ́ ìròyìn rẹ?

Bẹ́ẹ̀, ta ló kọ́ ọ? Nígbà tí wọn ò san owó oṣù bàbá rẹ, tí onílé ń gbá ilẹ̀kùn, èmi ni mo fọwọ́ bò ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, tí o bá béèrè ohun tó dé, màá ní ọmọ tó níwà kì í sọ̀rọ̀ ilé síta. O gbọ́ràn jù, Àkànní.

Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, má jókòó tì í. Ẹni tó fi físà iṣẹ́ wà níbẹ̀, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn. Lọ bá ẹni tó mọ òfin, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó lóun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Àbí àìsàn ni? Sọ ọ́.

Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí, owó ìfẹ̀yìntì mi ti wọlé. Fóònù mi ò ní kú lóru, mo ti gba páwà báńkì àbúrò rẹ. Bó o bá pè mí tí kò wọlé, pe tirẹ̀.

Èmi ìyá rẹ.