Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Ẹni tó bá ṣì jẹ owó ilé-ìwé kò ní rí i gbà. Nínú eré ìdárayá, Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gbégbá orókè.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé kálámù gan-an ni ti àwọn òbí tó ya wọ ọgbà wa, tí wọ́n ń fa ọmọ jáde nídìí ìdánwò Ìṣirò. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ lórí WhatsApp pé a kó nọ́ọ̀sì pamọ́ láti gún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n bímọ. Ìyá kan já wọ yàrá olùkọ́, ó ṣí kúlà tó sọ pé abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì ọ̀fadà ló bá níbẹ̀.

Ìwé tí a fi rán àwọn ọmọ sí yín, ìwé ìyọ̀ǹda ni. Òbí tí kò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò àrùn HPV ni, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Kòkòrò yìí, tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ló wà nídìí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lára kó tó di àìsàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí abẹ́rẹ́ ṣáájú kòkòrò. Àwọn tó ń sọ pé a fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìṣekúṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo gbà pé ìbẹ̀rù yín kò ṣàìnídìí. Ní 1996, ilé iṣẹ́ oògùn òkèèrè kan dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ní Kánò, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kánò dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, àrùn náà ti ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló rọ.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ. Ní ilé ìwòsàn Àrò, ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sáàárín àwọn ará abúlé, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, láì pa ìmọ̀ òyìnbó tì. Òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tí wọ́n kéde ní 1980 pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ó ṣe pe àwọn èèyàn mọ́ra ni àwa náà fẹ́ ṣe. Nítorí náà, dókítà yóò wá sí ìpàdé PTA kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ bi í ní ohun gbogbo tó bá wà lọ́kàn yín. Ṣùgbọ́n òbí tó bá tún wọ yàrá ìdánwò, ọlọ́pàá ni yóò mú un jáde.

Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì wa (èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀) ń ṣe dáadáa. Wọ́n fi ọwọ́ àìfọ̀ tẹ búrẹ́dì kan, wọ́n fi èyí tí wọ́n fọṣẹ fọ̀ tẹ ìkejì, wọ́n di méjèèjì sínú ọ̀rá. Ti àkọ́kọ́ ti hu irun dúdú bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì mi. Ẹ yà wò ó. Láti ìgbà náà ni ìlà ti ń gùn nídìí ẹ̀rọ omi.

Ìpàdé PTA: Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìwọlé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ mú ìwé ìyọ̀ǹda náà dání, yálà ẹ fọwọ́ sí i tàbí ẹ kò fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ẹ̀kọ́