Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì, tó ń bọ̀ wá sí Helsinki, olú ìlú Finland, nígbà òkùnkùn

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọyẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, Bàbá Ìbejì ńkọ́? Inú mi dùn púpọ̀ pé físà ti jáde.

O béèrè pé kí lèèyàn ń ṣe ní ìlú tí òkùnkùn ti bò. Òótọ́ ni pé òkùnkùn pọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ á ti kọjá dáadáa kí òòrùn tó yọ, nígbà tó bá sì fi máa di agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó ti wọ̀. Ojúmọmọ ò pé wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́rí torí pé ilẹ̀ ṣú, ìrọ̀lẹ́ gan-an ni ìlú ń jí. Nítorí náà, má ṣètò ọjọ́ rẹ bíi ti Ìbàdàn. Fi ìwọ̀nba ojúmọmọ yẹn rìn létí òkun, kí o sì fi ohun tó dùn jù sí agogo mẹ́rin lọ sókè.

Bó bá ṣeé sún, wá ní oṣù Kìn-ín-ní, má wá ní oṣù Kọkànlá. Ní oṣù Kọkànlá, òkun tó yí ìlú ká ò tíì tutù tán, òjò ló sábà máa ń rọ̀, ilẹ̀ á dúdú, á sì rin gbindin. Tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, iná òpópónà á máa tàn padà lára rẹ̀, gbogbo àdúgbò á mọ́lẹ̀ sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní yẹn náà ni wọ́n máa ń ṣe Lux Helsinki, tí wọ́n á fi iná aláràbarà ya àwòrán sára ilé ńláńlá fún alẹ́ mélòó kan. Ọ̀fẹ́ ni ti ìta gbangba. Má lọ lọ́jọ́ Sátidé, èrò pọ̀ jù.

Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni ìsinmi rẹ bọ́ sí, Senaatintori, gbàgede ńlá àárín ìlú, ni kó o forí lé. Ọjà Kérésìmesì máa ń wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì funfun ńlá yẹn. Mu glögi níbẹ̀, ohun mímu gbígbóná tí wọ́n fi èròjà olóòórùn dídùn sè. Béèrè èyí tí kò ní ọtí bó o bá fẹ́, kí o sì fi ṣíbí wá èso àjàrà gbígbẹ àti álímọ́ńdì tó wà nísàlẹ̀ ife. Lọ́jọ́ 24, ṣọ́ọ̀bù máa ń tètè tì, ọkọ̀ á sì dín kù lálẹ́, nítorí náà ra oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má jókòó sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ sí itẹ́ òkú Hietaniemi. Àwọn ẹbí á wá tan àbẹ́là sí ojú oórì àwọn èèyàn wọn, ọ̀kẹ́ àìmọye iná kéékèèké lórí yìnyín, láìsí ariwo. Kò sí ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn tó ìyẹn ní gbogbo ìlú yìí.

Sauna, yàrá gbígbóná tí wọ́n ń jókòó sí láti làágùn, ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí jù. Ilé sauna Kotiharju wà láti 1928, igi ni wọ́n fi ń dá iná rẹ̀. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ìhòòhò ni wọ́n sì ń wọ ibẹ̀. Tójú bá ń tì ọ́, Löyly tó wà létí òkun ni kó o lọ: tọkùnrin tobìnrin jọ ń jókòó níbẹ̀, aṣọ ìwẹ̀ lọ́rùn. Kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ̀. Má fi ìpara kankan sára. Bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn, torí irin á gbóná débi pé á jó ọ. Tẹ́ aṣọ ìnura kékeré sílẹ̀ kó o tó jókòó. Ooru máa ń lọ sókè, nítorí náà àga ìsàlẹ̀ ni kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Jáde, mu omi, sinmi, kó o tún wọlé.

Tó o bá fẹ́ wọ òkun lẹ́yìn ooru sauna, má bẹ́ sínú omi. Di àkàsọ̀ mú, máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa mí síta, torí òtútù òjijì ló ń jẹ́ kí èémí há. Má ri orí bọ omi, má dá nìkan wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá ń ga, bá dókítà sọ̀rọ̀ kó o tó kúrò nílé. Irun dídì ńkọ́? Dé fìlà, torí bó bá rin, kì í tètè gbẹ, á sì gan bí igi tó o bá jáde.

Ní alẹ́ tí ara bá rẹ̀ ọ́, Oodi ni kó o lọ, ilé ìkàwé tí wọ́n ṣí ní 2018 nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. O ò ní sanwó. Òkè pátápátá ni ìwé wà, gíláàsì yí i ká. Àjà kejì ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n gba àyè sílẹ̀ ṣáájú.

Ra tíkẹ́ẹ̀tì AB, ti agbègbè A àti B, kó o tó wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú pópó, awakọ̀ kì í tà á. Òun náà lo máa fi wọ ọkọ̀ ojú omi láti Kauppatori, ọjà etí òkun, lọ sí erékùṣù Suomenlinna, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì máa wà, òtútù sì máa ń pa bátìrì lójijì, nítorí náà àpò inú, níbi tí ara ti gbóná, ni kó o fi sí.

Aṣọ tó bá kan ara rẹ kó jẹ́ ti irun àgùntàn, kó fẹ́lẹ́. Òwú ń fa òógùn mọ́ra, á wá tutù mọ́ ọ lára. Má ra bàtà tó fún ẹsẹ̀. Tó o bá ń fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn, so ike kékeré tó ń tàn yanran bí iná mọ́tò bá kàn án mọ́ aṣọ rẹ. Jẹ́ kó rọ̀ dé orúnkún, lápá ibi tí mọ́tò ń gbà, torí ìsàlẹ̀ ni iná mọ́tò ń wò.

Bá mi mú òrí wá, èyí tó pọ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń gbẹ ara bí ọyẹ́, ètè á sì là. Kó o fi ìwọ̀n bàtà rẹ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí n lè ra irin tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ bàtà sílẹ̀ dè ọ́. Láti ibi ọkọ̀ òfurufú títí dé ẹnu ọ̀nà mi, omi dídì ni.

Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ.