Ọjọ́ Orí Ìbọn Kọ́ Ló Yẹ Kí Òfin Máa Wò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ nípa àwọn ráífù sẹ́mí-ọtomátíìkì ayé àtijọ́, níbi tó ti ní òfin tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn èèyàn ò wúlò, pé wọ́n ti gbó, wọ́n ti dípẹtà, wọ́n á há nígbà tó yẹ kí wọ́n yìn, pé ara ògiri mùsíọ́mù ló tọ́ sí wọn. Mi ò lè ka irú ẹ̀ kí n dákẹ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn jóòótọ́, ìdajì tó kù lè pa èèyàn.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀, ìbọn tí à ń sọ yìí, ẹ fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde, ìbọn á fúnra ẹ̀ ju èèpo ọta yẹn nù, á ki òmíràn, ó ku kí ẹ tún fà á. Kì í ṣe èyí tó máa ń dà á lù gbà-gbà-gbà béèyàn bá di tírígà mú o, ọ̀pọ̀ ló máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti gbígbó yẹn ná. M1 Garand, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé lọ́dún 1936, ọta mẹ́jọ ló ń gbà nínú kílíìpù irin kan, òun ni wọ́n gbé ja Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún gbé e lọ sí Korea, títí dòní ètò kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Civilian Marksmanship Program tó ń tà á fún aráàlú tó bá kúnjú òṣùwọ̀n, ó sì ń yìn dáadáa. Kí ló wá máa ń bà á jẹ́? Ọ̀pá irin gígùn kan wà níbẹ̀ tí gáàsì ọta máa ń tì sẹ́yìn, ọta tí wọ́n ṣe fún un nígbà yẹn ní ìwọ̀n agbára tó bá a mu, ẹnì kan á wá lọ ra ọta ìgbàlódé tó wúwo, tí ẹ̀tù inú ẹ̀ máa ń jó pẹ́, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń pa ẹran ńlá, gáàsì á wá dé ibi ọ̀pá yẹn pẹ̀lú agbára tó ju tiẹ̀ lọ, ọ̀pá á tẹ̀. Ó tẹ̀ tán wọ́n á ní ìbọn àtijọ́ ò dáa. Ta ló fi ọta tí kì í ṣe tiẹ̀ sí i?

Àwọn ará Jámánì náà fojú ara wọn rí i. Ráífù irú ẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, G41, iwájú lẹ́nu ìbọn ló ti ń gba gáàsì, ẹ̀gbin ẹ̀tù ń kó síbẹ̀, ó ń há ṣáá. Ìgbà tí wọ́n rí ráífù Tokarev SVT-40 gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Soviet, wọ́n wo bó ṣe ń gba gáàsì látòkè ọ̀pá ìbọn, wọ́n jí ọgbọ́n yẹn, wọ́n fi ṣe G43. 1941 sí 1943, ọdún méjì péré ló wà láàárín G41 àti G43, bí ẹ bá to méjèèjì síta lónìí ẹ máa sọ pé arúgbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò ṣeé gbọ́kàn lé látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. SVT alára, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọṣẹ́ ṣọ́jà tí wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń nù ún, orúkọ burúkú ló gbà, lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìbọn kan náà o.

Èyí tó wá fa gbogbo ariwo báyìí ni ráífù tí wọ́n ń pè ní SKS. Simonov ará Soviet ló ṣe é, ọta mẹ́wàá nínú àpótí tó mọ́ ìdí ìbọn tí kì í yọ, China sì tún ṣe tiwọn lọ́pọ̀ yanturu, àwọn Yugoslavia náà ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọta ológun àtijọ́ tí wọ́n ń yìn nínú ẹ̀, ohun tó ń tanná ran ẹ̀tù nídìí ọta yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ sínú ọ̀pá ìbọn, iyọ̀ yẹn á máa fa omi inú afẹ́fẹ́, kó tó pẹ́ ìpẹtà ti dé. Òróró ò sì lè yọ iyọ̀. Omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi gbígbóná tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tó gbẹ ẹ́ kí wọ́n wá fi òróró pa á, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ò mọ̀ á máa da òróró lé iyọ̀ lórí, á ní òun ń tọ́jú ìbọn. Ti Yugoslavia ló máa ń jìyà ẹ̀ jù torí wọn kì í fi kúrómù pa inú ọ̀pá ìbọn tiwọn.

Nǹkan mìíràn wà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn gbọ́. Abẹ́rẹ́ irin kan wà nínú SKS tó máa ń gún ìdí ọta kó lè yìn. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, abẹ́rẹ́ yẹn ò ní sípírìn tó máa dá a padà, ó kàn ń rìn lọ rìn bọ̀ ni. Wọ́n sì máa ń fi gíríìsì tó nípọn pa àwọn ìbọn wọ̀nyí lára kí wọ́n tó kó wọn pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ẹni tó rà á ò bá tú u kó fọ ihò yẹn mọ́, gíríìsì á gan, abẹ́rẹ́ á há síwájú, bí irin tó ń ki ọta bá ṣe ń padà báyìí ló máa gún ìdí ọta, ìbọn á yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tírígà, ó sì lè máa yìn bẹ́ẹ̀ títí ọta á fi tán. Ọta aráàlú tún burú sí i torí ìdí wọn rọ̀ ju ti ológun lọ. Ẹ wá sọ fún mi, ìbọn tó gbó tí wọn ò tọ́jú, ṣé ìyẹn ni ò léwu? Ó lè kọ̀ kó má yìn nígbà tẹ́ ẹ fẹ́, ó sì lè yìn nígbà tẹ́ ò fẹ́.

Ẹ wo Hungerford ní England, 19 August 1987. Ọkùnrin kan tó ń yìnbọn pa èèyàn kiri níbẹ̀ gbé M1 Carbine dání, ráífù kékeré tí Amẹ́ríkà ṣe lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ilé epo kan ó yìn ín sí obìnrin tó ń gbowó, kò bá a, ìgbà tó tún fẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kejì kò yìn mọ́, ohun tí wọ́n sọ ni pé màgásíìnì, àpótí tí ọta wà nínú ẹ̀, ti bọ́, ó jọ pé bọ́tìnnì tó ń tú u sílẹ̀ ló tẹ̀. Àbùkù àtijọ́ nìyẹn, tòsí ara wọn ni wọ́n fi bọ́tìnnì méjì náà sí, èyí tó ń ti ìbọn pa kó má lè yìn àtèyí tó ń tú màgásíìnì, àwọn ṣọ́jà alára máa ń ṣi ọ̀kan tẹ̀ fún èkejì títí tí wọ́n fi yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ẹ ò rí i, gbígbó ìbọn ló gba obìnrin yẹn là. Ó dáa. Àmọ́ èèyàn mẹ́rìndínlógún ló pa kó tó pa ara ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìbọn tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ò kọ̀ fún un.

Lẹ́yìn ẹ̀, lọ́dún 1988, ìjọba Britain fòfin de gbogbo ráífù sẹ́mí-ọtomátíìkì àfi èyí tó ń yin ọta kékeré .22 rimfire. Wọn ò béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Australia ṣe tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 35 ní Port Arthur lọ́dún 1996, wọ́n fowó gba ìbọn bíi 650,000 padà. New Zealand, 15 March 2019, wọ́n pa èèyàn 51 nínú mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch, kó tó pé oṣù kan ilé aṣòfin ti dìbò, 119 gbà, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀, Garand bọ́ sínú ẹ̀, SKS náà bọ́ sínú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú tàwọn New Zealand ni pé wọn ò lé ẹni tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ dànù. Ó lè gba àṣẹ pàtàkì, kó yọ ẹ̀yà kan tí ìbọn ò lè ṣe kó má ní, kó sì lọ tọ́jú ẹ̀yà yẹn sí ibòmíràn tí kì í ṣe ilé tí ìbọn wà. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn rí ìtàn ẹ̀ mú dání, ìbọn ò sì lè yìn. Kí ló tún kù?

Òfin tí Amẹ́ríkà fi de irú ìbọn wọ̀nyí lọ́dún 1994 ńkọ́? Ìrísí ni wọ́n ń wò. Òfin yẹn dárúkọ àwọn ìbọn kan, ó wá ní ráífù tí màgásíìnì ẹ̀ ń yọ, tó bá ti ní méjì nínú àwọn nǹkan bí ibi tí wọ́n ń so bayonet, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, mọ́, ìdí tó ń ká, ọwọ́ ìdìmú bíi ti píṣítò, ó ti di èèwọ̀. SKS tí àpótí ọta ẹ̀ ò yọ kọjá lọ láàárín wọn. Ìbọn tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí òfin tó dé, wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó di 13 September 2004 òfin ọ̀hún parí, wọn ò tún un ṣe.

Canada ló wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sú mi. Lọ́dún 1989 ọkùnrin kan fi Ruger Mini-14 pa obìnrin mẹ́rìnlá nílé ẹ̀kọ́ École Polytechnique ní Montreal. Ìgbà wo ni wọ́n fòfin de Mini-14? May 2020! Ọdún ọgbọ̀n ó lé. Òfin wọn ní ọta márùn-ún ni ráífù sẹ́mí-ọtomátíìkì tó ń lo ọta ńlá lè gbà, wọ́n wá yọ Garand sílẹ̀ torí pé kílíìpù ẹ̀ mẹ́jọ ló ń gbà, bí ẹni pé ọta kẹfà, keje àti kẹjọ ti dàgbà kọjá ẹni tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Ní November 2022 wọ́n gbé àtúnṣe òfin kan wá tí ì bá kan SKS, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń fi í wá oúnjẹ sọ pé rárá o, ní February 2023 wọ́n kó o padà, December 2024 wọ́n tún fi orúkọ ìbọn 324 kún àwọn tí wọ́n ti fòfin dè, SKS ò sí níbẹ̀. Àwọn tí ìbọn wọn ti di èèwọ̀ láti 2020 sì ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sílé, ẹni tí kì í bá ṣe pé ó ń fi í wá oúnjẹ ò gbọdọ̀ yìn ín, títí di April 2022, ó tún di October 2023, ó tún di October 2025, ó tún di October 2026. Ìbọn tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ni ín ò lè yìn, tó wà nínú àpótí látọdún dé ọdún, ẹ rántí ọ̀rọ̀ gíríìsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò sí lẹ́yìn ẹni tó bá ní kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó ń fi ẹran inú igbó bọ́ ọmọ ẹ̀. Ẹ fún un láṣẹ, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ ìbọn yẹn wò! Mọ́tò tó gbó ẹ ò ní jẹ́ kó jáde láìyẹ bíréèkì ẹ̀ wò, ìbọn ológun tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹni tó bá rà á á kàn gbé e lọ ilé. Britain ti ní òfin láti 1868 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ìbọn tí wọn ò tíì dán ọ̀pá ẹ̀ wò, ilé ìdánwò méjì ló wà fún un, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Birmingham, ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ ni wọ́n máa ń yìn nínú ẹ̀ kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀. Ẹni tó bá ṣí òfin ìbọn tuntun sílẹ̀ tí kò bá rí ìlà kan nínú ẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́, sípírìn àti irú ọta tó tọ́, kó mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ ò tú ìbọn kankan wò rí.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan sí yín, ẹ̀yin olóòtú. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń gbé ìròyìn irú ìbọn wọ̀nyí, ẹ má kàn sọ fún wa pé ti ayé àtijọ́ ni, tàbí kẹ́ ẹ gbé fọ́tò ìbọn AK sí ìròyìn SKS torí pé ọta kan náà ni wọ́n ń lò. Ẹ sọ iye ọta tó ń gbà, ẹ sọ bóyá àpótí ọta ẹ̀ ń yọ tàbí kò yọ, ẹ sì sọ bóyá ẹni tó ni í láṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìyókù, kó kọ̀wé, mo máa ń ka ojú ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín.