Búrẹ́dì kíkan tí mò ń wá kiri

Leeds,
Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Òtútù Tampere ńkọ́, ṣé kò tíì gé yín létí jẹ? Èmi wà dáadáa, iṣẹ́ ń lọ, ilé tuntun náà ti ń mọ́ mi lára. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú, má sì fi mí rẹ́rìn-ín: búrẹ́dì.

Ruisleipä ni mò ń wí, búrẹ́dì kíkan tí wọ́n ń fi ọkà ráì ṣe ní Finland yín níbẹ̀. Èmi yìí kan náà! O rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wa nílé oúnjẹ yunifásítì, tí mo gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn jẹ, tí mo yára tu ú sínú bébà ìnuwọ́? Mo ní wọ́n gbé búrẹ́dì tó ti bàjẹ́ fún wa. O ní kò bàjẹ́, bó ṣe máa ń kan nìyẹn. Búrẹ́dì Agége ni mo mọ̀ nígbà náà, tó rọ̀ bíi fóòmù. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì wà lára oúnjẹ ọ̀sán tí Kela, àjọ ìrànwọ́ ìjọba wọn, ń bá akẹ́kọ̀ọ́ dá sí owó rẹ̀, èmi tí mo sì ń ṣọ́ kọ́bọ̀ kò lè fi í sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló fi mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dìbò yàn án ní oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 2017, ọdún tí òmìnira wọn pé 100 ọdún, ṣe ló dà bíi pé èmi ni mo wọlé ìbò.

Nígbà tí mo dé ibí, àṣìṣe mi ni pé àwọ̀ ni mò ń wò. Búrẹ́dì tó bá ti dúdú, màá gbé e. Mo ra pumpernickel àwọn ará Jámánì, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ bíi táìlì. Ó wúwo lóòótọ́, àmọ́ ó ń dùn mọ́ni lẹ́nu bí ẹni fi oyin pò ó. Ti Denmark kún fún hóró sunflower, bí oúnjẹ ẹyẹ. Èyí tí mo rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ló bí mi nínú jù: nígbà tí mo ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, wíìtì ló ṣíwájú, ráì ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n wá fi mọ́líìtì rẹ ẹ́ láró bí àdìrẹ. Bẹ́ẹ̀ ti yín kò tilẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀! Wò ó dáadáa lọ́la, àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló ní.

Finn Crisp wà níbí, Finland náà ló ti wá, ó sì kan. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni. Bí mo bá jẹ ẹ́, etí mi ló ń gbọ́ ọ ju ẹnu mi lọ.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Poland kan ló kọ́kọ́ fún mi nírètí. Mo gbé búrẹ́dì Lithuania kan súnmọ́ imú, òórùn kíkan yẹn sọ sí mi! Àfi ìgbà tí mo délé tí mo bá caraway nínú rẹ̀, hóró kan tí òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan mìíràn sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń rà á. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, òun ló súnmọ́ ọn jù nínú èyí tí wọ́n ń tà.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mò ń da omi orí ògì nù, òórùn omíkan gba ilé ìdáná kan. Mo dúró sójú kan. Òórùn juuri nìyẹn o, ìwúkàrà kíkan tí wọ́n fi ń po ruisleipä! Ìyá mi àgbà ta ẹ̀kọ títí ó fi darúgbó, èmi wá ń fi ẹsẹ̀ wá ohun kíkan kiri Leeds.

Mo po ìyẹ̀fun ráì mọ́ omi nínú ìgò, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Ṣùgbọ́n sùúrù kò sí, mo fi yíìsì ṣe ti àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu! Àṣé kíkan yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan: bí ráì kò bá kan, sítáàṣì rẹ̀ á yòrò nínú ààrò. Ní ọjọ́ kẹrin juuri mi ń hó, ó ń rùn bí ápù tó ti pọ́n jù, mo bá tún un ṣe. Mo gé èyí náà ní gbígbóná, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá àgbà tó wà ní ilé kejì sí tiwa ní Hervanta, tó ní búrẹ́dì gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú kí ọ̀bẹ tó kàn án. Òun náà ló sọ pé àwọn ìyá wọn kì í fọ ọpọ́n ìpò búrẹ́dì. Èyí tó gbẹ mọ́ ara rẹ̀ ni yóò mú ti ọjọ́ mìíràn kan.

Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi omi tọ́ ọwọ́ bí ẹni ń yí fùfú, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo fi ife lu àárín rẹ̀ bíi ti àwọn ará ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n máa ń fi ọ̀pá kọ́ ọ sókè àjà. Mo jẹ́ kó sùn mọ́jú. Mo fi bọ́tà sí i, mo gbé ẹja títù aláta lé e. Ìyá Ìbejì, mo jẹ ìdajì ní ìdúró!

Jọ̀wọ́, má fi búrẹ́dì Reissumies ránṣẹ́ mọ́. Arìnrìn-àjò lorúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí, àmọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti bu. Bá mi tọrọ ṣíbí juuri kan lọ́wọ́ ìyá àgbà yẹn, tẹ́ ẹ sórí bébà, jẹ́ kó gbẹ, kí o mú un bọ̀ nígbà Àjíǹde. Tèmi ti fẹ́ kan jù, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá juuri ni àbí ọwọ́ mi.

Kí bàbá wọn. Fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́