Kí àwọn olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dín fídíò kù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fara mọ́ ọn pé kí ó gbilẹ̀, àmọ́ kí àwọn olùkọ́ dín fídíò kù.

Aránṣọ tó ní ìsọ̀ bíi tèmi kò lè jókòó sí kíláàsì láàárọ̀. Nítorí irú wa ni ìjọba ṣe dá National Open University, yunifásítì tí èèyàn ti lè kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì í pa ní 1984, kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2002. Ṣùgbọ́n fídíò wákàtí kan ń jẹ dátà ju ohùn lásán lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ inú fídíò ọ̀hún kò ṣe ju kí wọ́n máa ka ìwé sí wa létí. Bí wọ́n bá fi ohùn àti ìwé tí a lè tọ́jú sórí fóònù ránṣẹ́, a ó máa gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ti ìdánwò ló burú jù. Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe é ní gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà tó ní jẹnẹrétọ̀, kódà bí a ó bá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Aránṣọ kan,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.