Kì í ṣe pátánì ló ń ba kóòtù jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ó pọ̀ nínú àwọn tó ń ra pátánì onípépà (pépà tí a fi ń gé aṣọ) láti fi rán kóòtù onílàínì (èyí tí a rán aṣọ mìíràn sí inú rẹ̀) nílé tó ń ráhùn pé pátánì òyìnbó kò bá ara wa mu. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń fà, apá ń fún, aṣọ sì ń gòkè bí wọ́n bá na ọwọ́. Pátánì kọ́ ló jẹ̀bi. Bí a ṣe yan sáìsì ni, àti bí a ṣe gé láínì, pàápàá láínì.

Nọ́ńbà ara pátánì kì í ṣe nọ́ńbà ara òkìrìkà. Nínú pátánì Simplicity tàbí McCall's ti Amẹ́ríkà, sáìsì 14 jẹ́ ti obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 36, ìbàdí 28, ìdí 38. Ẹni tó ń wọ 14 nínú òkìrìkà Amẹ́ríkà, tó wá gé 14, kóòtù náà kò ní lè pa bọ́tìnì. Téèpù ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ wọn òkè ọmú, kí téèpù gba abẹ́ abíyá, kí ẹ tó wọn orí ọmú gan-an. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju íǹṣì 2 lọ, iye ti òkè ọmú ni kí ẹ fi yan sáìsì, kí ẹ sì fi kún ibi ọmú nìkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èjìká á ṣubú, ọrùn á sì ṣí sílẹ̀.

Àwa tí a ti mọ́ fífi ojú gé aṣọ lára, ọwọ́ wa máa ń yá láti fi àyè rírán kún gbogbo ẹ̀gbẹ́. Pátánì àwọn Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ yẹn ti ka 5/8 íǹṣì, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 1.5, mọ́ ọn. Èyí tó máa ń wà nínú ìwé ìròyìn Burda ti Jámánì kò ní àyè kankan, ẹ̀yin lẹ máa fi kún un. Bí ẹ bá gbàgbé, sẹ̀ńtímítà 3 ló máa lọ níbi ojú rírán kọ̀ọ̀kan. Ti iye yáàdì kò le: Ankara tí a ń rà ní Gbági kì í sábà fẹ̀ ju íǹṣì 45 tàbí 46 lọ, nítorí náà iye tí wọ́n kọ sí abẹ́ 45 lẹ́yìn àpò pátánì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti 60.

Ẹ fọ Ankara kí ẹ tó lẹ gum stay (aṣọ onígọ́ọ̀mù tó ń mú aṣọ le) mọ́ ọn, torí sítáàṣì ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú dáadáa. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ ka 10 sí 12, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kóòtù tó wú níwájú lẹ́yìn fífọ ẹ̀ẹ̀kan, ibi tí wọ́n ti kánjú nìyí. (Bí kò bá sí iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣe é dáadáa, torí ó wúwo. Ẹ ṣáà fi aṣọ tẹ́ ẹ kí eérú má bà á jẹ́.)

Orí apá kóòtù máa ń tóbi ju ihò apá lọ ní íǹṣì 1 sí 1½. Aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ṣe é fún, ooru áyọ́ọ̀nù lè fún ìyẹn pọ̀. Ankara kì í gbà. Ẹ dín orí apá kù díẹ̀ kí ó má baà ká jọ ní èjìká.

Ó wá kan láínì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbé pátánì kóòtù lé láínì, kí wọ́n gé e ní ọgbọọgba. Aṣọ ìta máa ń fà díẹ̀ bí a bá ń wọ̀ ọ́. Sátíìnì tí a fi ṣe láínì kì í fà, òun náà ló sì máa kọ́kọ́ ya lẹ́yìn. Bí pátánì yín kò bá ní ti láínì lọ́tọ̀, ẹ gbé àárín ẹ̀yìn jìnnà sí ìṣẹ́po aṣọ ní íǹṣì 1, kí ẹ lè ní íǹṣì 2 aṣọ fún pílíìtì, ìyẹn ibi tí a ti ṣẹ́ aṣọ po. Ẹ rán pílíìtì náà pa díẹ̀ ní ọrùn àti ní ìbàdí, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ kó máa ṣí.

Ní abíyá, etí ojú rírán kóòtù máa ń dìde sókè, láínì sì gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá kó tó wọ inú apá. Ẹ gbé abíyá láínì sókè ní ìdajì íǹṣì, ti ara àti ti apá. Ẹni tí kò bá ṣe é, bó bá na ọwọ́ dá takisí Micra dúró ní Mọ́kọ́lá, gbogbo kóòtù á bá ọwọ́ lọ sókè. Ní ìsàlẹ̀, kí láínì parí ní íǹṣì 1 sókè etí kóòtù, ṣùgbọ́n kí aṣọ rẹ̀ gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè ṣẹ́po níbẹ̀. Èyí tó bá nà tán á fa etí kóòtù wọ inú.

Ẹ fi ihò íǹṣì 6 sí 8 sílẹ̀ lára ojú rírán apá láínì kan, ibẹ̀ lẹ máa gbà yí kóòtù padà. Kí ẹ tó rán etí apá kóòtù pọ̀ mọ́ ti láínì, ẹ to kóòtù bí ẹni pé èèyàn fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ fi pínnì mú ojú rírán láínì àti ti kóòtù pọ̀ ní etí ọwọ́, kí ẹ tó fà á gba inú ihò jáde. Láìsí pínnì yẹn, apá á lọ́, ẹ ó sì tú u.

Ooru Ìbàdàn kò gba sátíìnì pọ́líẹ́sítà láti òkè délẹ̀. Kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fara mọ́ fún ara, kí sátíìnì wà ní apá nìkan, kí ọwọ́ lè máa yọ́ wọlé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ojú ìwé oge yín ni pé, bí ẹ bá tún gbé àwòrán kóòtù Ankara jáde, kí ẹ kọ iye yáàdì aṣọ àti ti láínì sí abẹ́ rẹ̀, àti irú stay tí wọ́n lò.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn